Ìrìnàjò ọ̀rọ̀ kan: fancy

Láti inú phantasia àwọn Gíríìkì, tí ó ń tọ́ka sí ohun tí ó hàn sí ojú inú ènìyàn, ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fantasy ti ṣẹ̀ wá; fancy sì jẹ́ àgékúrú rẹ̀. Ní ayé Shakespeare, ìfẹ́ ojú lásán ni wọ́n tún ń pè bẹ́ẹ̀: orin kan nínú eré rẹ̀, The Merchant of Venice, sọ pé inú ojú ni a ti ń bí i, pé ìwòran ni oúnjẹ rẹ̀, àti pé inú ibùsùn ìkókó tí ó wà gan-an ni ó ń kú sí.

Ní 1817, Coleridge, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, já ipò fancy wálẹ̀ pátápátá. Ó ní imagination, ìyẹn agbára láti fi ojú inú dá nǹkan tuntun, ni ó ń tú nǹkan palẹ̀ kí ó lè tún un dá, nígbà tí fancy kàn ń to ohun tí ìrántí ti kó pamọ́ bí ó ṣe wù ú. Lójú tèmi, ìdájọ́ yìí le jù, nítorí pé iṣẹ́ ọpọlọ ni títò náà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Àwọn tí ń sin ẹyẹlé fún ẹwà ní tiwọn ń jẹ́ fancier, Darwin, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, pàápàá sì wọ ẹgbẹ́ wọn méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó wù wọ́n, ìbáà ṣe ìrù fífẹ̀ tàbí ọ̀fun wíwú, ni wọ́n fi ń yan èyí tí yóò bímọ.