Omi gbígbóná nìkan kọ́ ló tan iná Iceland

Tí ọ̀rọ̀ iná bá ti délẹ̀ níbí ní Adó, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní ṣebí a ní Ìkógòsì, kí ló dé tí ìjọba ò fi omi gbígbóná yẹn ṣe iná bíi tàwọn ará Iceland? Mo ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mò ń kà á lórí WhatsApp, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè yẹn torí ẹni tó ń bi í fẹ́ kílùú wa dáa. Ó yẹ ká dá a lóhùn dáadáa.

Omi Ìkógòsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, èèyàn ń wọ inú ẹ̀ wẹ̀, ibi tóun àti omi tútù ti pàdé wuni í wò gan-an, ṣùgbọ́n kò lè yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó máa ń yí kí iná tó wá. Iceland ní tiẹ̀ wà níbi tí ilẹ̀ tó gbé Amẹ́ríkà àti èyí tó gbé Yúróòpù ti ń fà kúrò lára ara wọn, iná inú ilẹ̀ ò jìnnà sókè níbẹ̀, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ dé kìlómítà kan, ooru ibẹ̀ á ti lé ní 200 dígírì, èéfín omi tó ń tú jáde níbẹ̀ ló ń yí tọ́báìnì wọn. A ò ní irú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kọ́ nìyẹn. Àwọn ará Iceland ò tó 400,000, Èkìtì lé ní mílíọ̀nù méjì, àwọn náà sì fi èédú dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín ẹ̀ á bo Reykjavik, olú ìlú wọn, mọ́lẹ̀, torí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ tiwa yìí, ilé tí wọn ò bá mú gbóná ò ṣeé gbé rárá. Omi gbígbóná wà ní Laugardalur, àdúgbò kan ní Reykjavik, látayébáyé, àwọn obìnrin ń lọ fọṣọ níbẹ̀ ni. Ọdún 1930 ni wọ́n tó fi páìpù gbé omi àdúgbò yẹn lọ sí ilé ìwé kan àtàwọn ilé díẹ̀ nígboro. Síbẹ̀ nígbà tí epo wọ́n lójijì ní 1973, nǹkan bí ìdajì ilé wọn ṣì ń fi epo mú ilé gbóná. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbájú mọ́ ọn.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé, kì í sì í sábà hàn nínú fídíò tí wọ́n ń gbé kiri. Láti 1967 ni ìjọba wọn ti ní àpò owó kan, tí ìlú kékeré kan bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wá omi gbígbóná, wọ́n á yá wọn lówó níbẹ̀, tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tí omi ò jáde, wọn ò ní san gbèsè yẹn padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbẹ́ bòhóòlù rí lórí àpáta Èkìtì yìí, tẹ́ ẹ kówó sílẹ̀ tí kànga gbẹ, tí àwọn tó gbẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ wọn lọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀rù òfò yẹn ni ìjọba wọn gbé kúrò lọ́rùn aráàlú. Lónìí nǹkan bí ilé 90 nínú 100 ló ń gba ooru láti inú ilẹ̀, páìpù tó ti Nesjavellir, níbi tí wọ́n ti ń fa ooru ilẹ̀, wọ Reykjavik gùn ní kìlómítà 27, omi inú ẹ̀ ò sì fi dígírì méjì tutù kó tó délé.

Iná mànàmáná wọn gan-an, omi tó ń ṣàn ló ń mú nǹkan bí 70 nínú 100 wá, ooru ilẹ̀ ló mú ìyókù. Láyé ọjọ́un, lápá Skaftafell ní gúúsù ilẹ̀ wọn, àwọn àgbẹ̀ tí ò lọ yunifásítì kankan, irú Bjarni Runólfsson, máa ń fi irin ọkọ̀ ojú omi tó rì létíkun rọ tọ́báìnì fún odò ẹ̀yìnkùlé wọn. Àwọn wẹ́dà wa n'Íkẹ̀rẹ́ á ṣe é, ó dá mi lójú! Kì í ṣe pé gbogbo tiwọn ló dáa o, dáàmù Kárahnjúkar tó ń fún iléeṣẹ́ alumíníọ̀mù níná bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ mọ́lẹ̀, ìjà rẹ̀ pọ̀ láàárín wọn, mi ò sì rò pé ó yẹ ká ṣe irú ìyẹn.

Tiwa ńkọ́? Òfin iná 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti bójú tó iná tiwọn, láti 2024 sì ni àbójútó ọ̀rọ̀ iná Èkìtì ti bọ́ sọ́wọ́ Èkìtì fúnra ẹ̀. Dáàmù Ero wà n'Íkún, dáàmù Egbe náà wà, omi ń já láti orí òkè ní Arinta, oòrùn ò sì wọ́n wa. Aráàlú wa kì í ṣe ọ̀lẹ, àwa náà la máa ń dáwó ra tiransífọ́mà ládùúgbò. Àpò owó bíi ti Iceland yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ádó, kí ìlú tó bá fẹ́ wọn omi odò ẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn àti lójò láti mọ̀ bóyá ó lè yí tọ́báìnì, tàbí kó gbé sólà sọ́jà ẹ̀, rí owó àyẹ̀wò yá, tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé kò ní ṣeé ṣe, kí gbèsè yẹn parẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí aṣòfin àdúgbò yín, ẹ bá mi bi í bóyá ó lè gbé àbá ẹ̀ wọlé kí ọdún tó parí.