Àdírẹ́ẹ̀sì tí mo fi tan nọ́ọ̀sì

"Níbo lò ń gbé, ọkọ mi?"

Nọ́ọ̀sì ti gbé bírò lé káàdì, ó ń dúró dè mí. Abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ni mò ń sùn nígbà yẹn, lọ́dún 2019, oṣù keje rèé tí lánlọ́ọ̀dù ti kó ẹrù mi síta ní Mushin. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ mi, mo wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi, mo bá dárúkọ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agége. Ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò dé ilé náà. Màmá nọ́ọ̀sì yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí lójú.

Ibà àti egbò ẹsẹ̀ la mọ̀ sí àìsàn lábẹ́ afárá. Ikọ́? Ta ni kì í wúkọ́ nínú èéfín dánfó? Alábàárù ni mí ní Òyìngbò, mo ka tèmi mọ́ eruku ọjà. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ra àpòpọ̀ oògùn igba náírà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, kóró pupa, kóró funfun, mi ò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Mò ń rù, mo sì ń làágùn lóru bí ẹni tí òjò pa. Ẹ jọ̀ọ́, ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi kẹ́mísì sílẹ̀. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe DOTS, ìyẹn ìtọ́jú ikọ́ ife (TB) tí ẹnì kan máa ń wò yín bí ẹ ṣe ń lo oògùn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ni wọ́n máa gbà sínú ike kékeré, wọn kì í gbowó àyẹ̀wò yẹn, wọn kì í gbowó oògùn. Owó ọkọ̀ ni ìjọba ò bá yín san. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín.

Ikọ́ ife ni wọ́n bá lára mi. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀: oògùn mẹ́rin tí wọ́n lọ̀ pọ̀ sójú kan fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì péré fún oṣù mẹ́rin tó kù. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ìtọ̀ mi máa yí àwọ̀, síbẹ̀, lọ́jọ́ tó jáde bíi Fáńtà, mo fi ọwọ́ lérí. Òwúrọ̀ kùtù, kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ni wọ́n ní kí n máa lò ó. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa jẹun ni ìyẹn rọrùn fún.

Níbo lẹni tí kò nílé máa ń tọ́jú oògùn sí? Abẹ́ orí mi ni mo fi sí. Òjò kọ́kọ́ ba páálí kan jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jí báàgì àti fóònù mi lójú oorun, oògùn bá a lọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi lo nǹkan kan, ilé ìwòsàn pe fóònù títí, wọ́n bá gba Agége lọ. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ pé mo ní ikọ́ ife, lẹ́nu àlejò, níwájú àwọn ayálégbé. Ohun tí mo torí ẹ̀ parọ́ gan-an ló tú síta.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìwòsàn, màmá nọ́ọ̀sì náà ò pariwo. Ó ní ikọ́ tí wọ́n bá ń fi oògùn rẹ̀ ṣeré lè dèyí tí oògùn yẹn ò ràn mọ́, ìtọ́jú á le, á sì gùn. Wọ́n tún gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Ó wá béèrè ẹni tó máa ń rí mi lójoojúmọ́. Mo ronú, ìyá eléwà ẹ̀gbẹ́ afárá nìkan ló wá sí mi lọ́kàn. Ó fi bírò pa Agége rẹ́, ó kọ "ọ̀dọ̀ ìyá eléwà".

Ẹ̀rù ba ìyá náà lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní kí n máa dúró sódìkejì gọ́tà. Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé tí mo bá ń lo oògùn déédéé, kò ní pẹ́ tí mi ò ní lè kó o ran èèyàn mọ́. Ó gbé agolo Bọ́nfítà kan jáde, ó kó oògùn mi sínú rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń dáná, ibẹ̀ ni mo ti ń gbé e mì. Kí ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lọ gba káàdì. Fúlkanáísà ni, oníṣọ́ọ̀bù ni, mọ́gàjí alábàárù ni, kò burú. Ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń sùn bó ṣe rí.

Àwa mẹ́rin la jọ ń sùn lórí páálí kan. Mo sọ fún wọn, ó sì nira ju gbogbo oògùn yẹn lọ. Ọ̀kan kó ẹrù rẹ̀, kò padà wá. Méjì lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n bá a lára ọ̀kan, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní kíá.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà mi pé, ìyá eléwà bi mí bóyá mo ṣì nílò agolo náà. Mo ní rárá, mà. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rọ iyọ̀ sínú rẹ̀.