Ọpọ́n ayò tí a fi kíréètì ẹyin ṣe, àti ohun táwọn ọmọ ń jẹ nídìí ẹ̀

Ọjọ́ kìíní

Ọlidé ti dé, òjò Abẹ́òkúta ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jáde, fóònù mi ti di tàwọn ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní ẹ wá, a fẹ́ ṣe ọpọ́n ayò. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò 4. Kíréètì ẹyin oníbébà ló fi sí mi lọ́kàn: ojú 30 ló ní, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà márùn-ún, tẹ́ ẹ bá ti gé ìlà méjì tó wà pọ̀ kúrò lára ẹ̀, ojú 12 ti pé nìyẹn, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo di àlùmọ́gàjí mú o. Ẹyin tútù ti wà nínú kíréètì yẹn rí, torí náà mo yan èyí tó mọ́, mo sá a sí oòrùn díẹ̀ tó yọ, mo sì rí i pé wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin

Gọ́ọ̀mù ti tán, mi ò sì ra òmíì. Mo po láfún ṣíbí 2 mọ́ omi ife 1, mo rò ó lórí iná títí ó fi ki. Irú ẹ̀kọ láfún yìí náà làwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ níbí fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń yà á, èmi náà bá fún àwọn ọmọ ní ìyẹ́ adìyẹ dípò búrọ́ọ̀ṣì. Inú wọn dùn! Wọ́n ya ìwé ìròyìn àtijọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kíréètì.

Àṣìṣe mi rèé: mo jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ìpele mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òkè ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ó ti ń rùn. Mo bó gbogbo ẹ̀ kúrò, a tún un bẹ̀rẹ̀, ìpele kan lójúmọ́, kó gbẹ kanranjangbọ́n ká tó lẹ òmíì. Ẹ má kánjú níbẹ̀ rárá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2 tó ti ń dúdú wà nílẹ̀, àbúrò fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n fọ́ ẹyin 2 sí i, mo da ògì gbígbẹ ṣíbí 3 lé e, mo dín in kéékèèké pẹ̀lú òróró tín-ínrín. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ o. Àbúrò tó jẹ́ pé bisikíìtì nìkan ló mọ̀ jẹ mẹ́rin, torí òun ló tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Àwọ̀. Mo se zobo, mo bu omi ẹ̀ sínú abọ́ méjì. Àwọ̀ pupa ni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ro omi eérú díẹ̀-díẹ̀ sínú ọ̀kan, kíá ló ń yí padà, ó kúrò ní pupa, ó ń di bí aró, ó tún ń lọ sí ewé. Ariwo tí wọ́n pa, aládùúgbò wá wò wá. A fi kun ọpọ́n: ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì àwọ̀ ewé. Èyí tí ò ní eérú la fi yìnyín sí tá a mu.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀fíọ̀ tá a rẹ mọ́jú, àgbọn àbọ̀, dàbínù 6 tá a ti yọ kóró ẹ̀, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a dì í sínú ọ̀rá kéékèèké sí fíríjì. Iná lọ lóru, kò dì dáadáa, wọ́n mu ún bẹ́ẹ̀.

Ọpọ́n ti gbẹ! Ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́ wọn pé tí ọmọ tó o fi parí bá sọ ojú ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn. Àbúrò ò tíì mọ̀ ọ́n ta, ó kàn ń pín in ni, “ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan”, ó sì tó mi bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà mo gbé páànù kéèkì oníhò 12 jáde, mo pín ìbẹ́pẹ àti awùsá sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ sí i, mẹ́rin-mẹ́rin. (Oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọ inú kíréètì yẹn o, páànù ló wà fún un.) Ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti ń kọ̀ láti ọdún tó kọjá, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹwàá

Ọmọ ayò lè há ọmọ kékeré lọ́fun, mi ò sì fi àbúrò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ láìsí àgbà, alaalẹ́ la máa ń ka 48 kí n tó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lálẹ́ yìí, 47. Àyà mi já. A gbọn ẹní, a gbé àga, a fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n ló rí i, nínú àpò ṣòkòtò àbúrò ẹ̀ tó wà nínú agbada ìfọṣọ, ó mú un wá, ó ní “Mọ́mì, ogójì àti mẹ́jọ ti pé.” Èmi ò kọ́ ọ ní ogójì àti mẹ́jọ rí.