Pàṣán tí wọ́n fi na Dasuki

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Abubakar Malami sọ lọ́dún 2018, nígbà tó ṣì jẹ́ mínísítà fétò ìdájọ́ àti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, tí mi ò tíì gbàgbé. Iléeṣẹ́ rédíò VOA ló bi í pé kí ló dé tí Sambo Dasuki, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ààbò ìlú nígbà Ààrẹ Jonathan, ṣì wà látìmọ́lé nígbà tí kọ́ọ̀tù ti fún un ní béèlì, tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kókó ìdáhùn rẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ àárín ẹnì kan sí ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ tó bá ti kan gbogbo ìlú, ti gbogbo ìlú nìjọba máa wò, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní August ọdún náà, Ààrẹ Buhari dúró níwájú àwọn lọ́yà níbi ìpàdé ọdọọdún wọn níbí l'Abuja, ó ní ààbò ìlú àti ire ìlú gbọ́dọ̀ ṣíwájú òfin. Níwájú àwọn lọ́yà o!

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Kubwa níbí, mo máa ń tẹ̀wé, mo máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo máa ń di ìwé, àwọn lọ́yà sì pọ̀ nínú kọ́sítọ́mà mi, torí náà ìwé ẹjọ́ ń gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa. Ìwé òfin ọdún 1999 kan wà lórí káńtà mi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, íǹkì ti ta sí i lára, àmọ́ ojú ewé tí abala 35 wà lo máa rí tó dọ̀tí jù, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń ṣí. Ohun tó wà níbẹ̀ ò le rárá. Tí wọ́n bá mú ẹ lórí ẹ̀sùn, kí wọ́n gbé ẹ dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi tí kọ́ọ̀tù bá rí ìdí tó fi yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin náà mọ̀ pé ààbò ìlú ṣe pàtàkì, abala 45 sọ ọ́, àmọ́ ó ní òfin ni kí wọ́n fi ṣe é, òfin tó bọ́gbọ́n mu, kò ní kí mínísítà kan jókòó sí ọ́fíìsì kó máa fi ojú wọn àṣẹ adájọ́ pé èyí wúwo, èyí ò wúwo. Abala 287 sì ní gbogbo aláṣẹ àti gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ kọ́ọ̀tù ṣẹ, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Dasuki wọ àhámọ́ DSS, àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ìjọba, ní December 2015. Kọ́ọ̀tù ECOWAS, ti àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, sọ ní October 2016 pé àtìmọ́lé yẹn ò bófin mu, kí ìjọba san mílíọ̀nù 15 náírà fún un, síbẹ̀ wọn ò tú u sílẹ̀. El-Zakzaky, olórí àwọn Shia, náà, adájọ́ sọ níbí l'Abuja ní December 2016 pé kí wọ́n fi òun àtìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, July 2021 ló tó jáde, lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù Kàdúná dá a láre. Gbogbo ìgbà yẹn, tó o bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tá a wà lókè ọya níbí, ohun tó o máa gbọ́ ni pé kí ló kàn wá ńbẹ̀, Dasuki ọmọ Sokoto, Zakzaky ará Zaria, Hausa ń bá Hausa jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sọ ọ́ lójú mi báyẹn. Inú mi ò dùn sí i, mo sì sọ fún wọn pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, òun ló wà lájà fún ìyàwó.

Kò sì pẹ́ tí pàṣán ọ̀hún fi kúrò lájà. Wọ́n mú Sowore, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Ondo, ní August 2019, kọ́ọ̀tù fún un ní béèlì, wọ́n fi falẹ̀ títí di December 5, nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, àwọn DSS tún fẹ́ gbá a mú nínú kọ́ọ̀tù gan-an, gbogbo ayé ló rí fídíò ẹ̀. Ọjọ́ tó dùn mí jù ni December 24 ọdún yẹn, tí Malami kéde pé òun ti ní kí wọ́n tú Sowore àti Dasuki sílẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Inú mi dùn pé wọ́n jáde, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Àṣẹ adájọ́ wà nílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin tí kò ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣí i láàárín ọjọ́ kan. A jẹ́ pé òmìnira èèyàn ò sí lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù mọ́ nìyẹn, ó ti bọ́ sọ́wọ́ mínísítà.

Nígbà tó di January 2020, Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí n'Ibadan, Malami ní kò bófin mu. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ìwé òfin fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, àwọn gómìnà náà padà lọ ṣe òfin ní ìpínlẹ̀ wọn kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tó bá ti kan wa, ó fẹ́ ká tẹ̀ lé òfin lẹ́tà lẹ́tà, tó bá ti kan ìjọba, ó di ire ìlú.

Lẹ́yìn náà ni Sọ́kà ṣẹlẹ̀. Òru July 1, 2021, DSS ya wọ ilé Sunday Igboho ní Sọ́kà n'Ibadan, èèyàn méjì kú, wọ́n kó àwọn yòókù wá sí Abuja níbí, kọ́ọ̀tù fún àwọn méjìlá ní béèlì ní August 4, kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn jáde. Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò jókòó, wọ́n gbá ọwọ́ lé káńtà, "Ìwọ tó ò ń bá àwọn lọ́yà ṣe, ṣé kò sófin nílùú yìí mọ́ ni?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, òfin wà sà, òun náà ló wà nígbà ti Dasuki. Wọn ò fèsì. Mo ṣí abala 35 fún wọn, wọ́n dúró kà á tán lórí ìdúró, wọ́n ní kí n ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fáwọn.

Ti Twitter ńkọ́? June 2021 ni wọ́n tì í pa, ọjọ́ kejì ni Malami pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sí kọ́ọ̀tù. Lórí òfin wo? Abala 36 sọ pé wọn ò lè dá èèyàn lẹ́bi lórí ohun tí òfin ò kọ sílẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àbúrò ìyàwó mi ń ta bàtà àti báàgì lórí ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rọ VPN, tó ń jẹ́ kéèyàn yọ́ wọ ibi tí wọ́n tì, ló fi ń wọlé, kó tó wọ mọ́tò láti Kubwa lọ sí Wuse láàárọ̀ á kọ́kọ́ yọ VPN kúrò lórí fóònù, torí ẹ̀rù ń bà á kí ọlọ́pàá má lọ dá wọn dúró, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù á tún gbé e padà. Ọmọbìnrin tó ń ta bàtà ló ń sá kiri bí olè! January 2022 ni wọ́n tó ṣí i, kọ́ọ̀tù ECOWAS sì sọ ní July ọdún yẹn pé títì tí wọ́n tì í ò bófin mu.

Malami ti lọ, Lateef Fagbemi, ọmọ Kwara, ọmọ wa, ló wà níbẹ̀ láti August 2023. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Ìdí gan-an tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí mo rí i tí àwọn kan ti ń dákẹ́ nítorí pé tiwa ló wà lórí oyè. Ní November 1, 2024, wọ́n kó èèyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja lórí ìwọ́de #EndBadGovernance ti August ọdún yẹn, ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n fi kàn wọ́n, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn ọmọ ilẹ̀ Hausa, ara wọn ti gbẹ, mẹ́rin ṣubú lulẹ̀ nínú kọ́ọ̀tù níwájú gbogbo èèyàn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, kọ́ọ̀tù tiwọn wà lọ́tọ̀. Fagbemi gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ẹjọ́ sì parí ní November 5. Ó ṣe dáadáa, mo sì gbóríyìn fún un tọkàntọkàn. Àmọ́ agbára tó fi dá ẹjọ́ náà dúró, abala 174, ó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti August, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tọ́mọ ọlọ́mọ ṣubú níwájú kámẹ́rà ló tó jáde? Ọmọ Hausa ni wọ́n, ọmọ èèyàn sì ni wọ́n.

Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe gbé oyè yẹn kalẹ̀ ló ń fa gbogbo ẹ̀. Abala 150 ló ní kí agbẹjọ́rò àgbà tún jẹ́ mínísítà. Ẹni tí Ààrẹ lè lé lọ lọ́la, òun náà la fẹ́ kó sọ fún Ààrẹ lónìí pé rárá sà, kọ́ọ̀tù ti sọ̀rọ̀, ẹ tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Kí wọ́n pín oyè náà sí méjì, kí mínísítà máa ṣe ti òṣèlú, kí agbẹjọ́rò àgbà dá dúró, kí Ààrẹ má lè dá nìkan yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn lọ́yà fúnra wọn ń sọ ọ́. Aṣòfin tó ń ṣojú ìjọba ìbílẹ̀ AMAC àti Bwari l'Abuja níbí, tó bá tún wá tọrọ ìbò ní Kubwa, ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlérí títì àti iná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò yìí, ẹ bá mi bi í.