Ẹ sọ ẹ̀rù yín fún dókítà eyín kí ẹ tó lanu

Bí mo bá ní kí n ka àwáwí tí mo ti wá nítorí eyín kan, ilẹ̀ á ṣú. Mo ti ní òjò ń rọ̀. Mo ti ní oníbàárà ń bọ̀ láti Èkó. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín tó ń han gooro nínú lọ́hùn-ún, mo bá yà sí òdìkejì títì, mo ra bọ̀ọ̀lì, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí kò dùn mí jẹ ẹ́, mo gba ilé lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n yọ eyín mi kan. Abẹ́rẹ́ kò tíì mú erìgì mi kú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo figbe ta, wọ́n ní kí n má ṣojo, ọkùnrin méjì sì dì mí lápá mú. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí, mò ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, síbẹ̀ bí òórùn ilé ìwòsàn bá ti kan imú mi, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù.

Kànáfùrù ni mo fi ń tan ara mi jẹ. Màá gún un, màá fi sínú ihò eyín, oró á rọlẹ̀ díẹ̀, màá ní ó ti san. Lóòótọ́ ló ń mú ibẹ̀ kú, àmọ́ kò dí ihò. Ògógóró tí ẹnìkan ní kí n fi yọ ẹnu ńkọ́? Ó bó mi ní erìgì, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún ti wú bí ẹni fi odindi ẹ̀kọ há ẹnu. Àbúrò mi ò bá mi jiyàn. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú báàgì rẹ̀, ó ní ó yá.

Apá Ìbarà la lọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ní, “Mà, kí ló ń yọ yín lẹ́nu?” Mo fẹ́ sọ pé eyín ni. “Ẹ̀rù ń bà mí” ló jáde. Ni mo bá bú sẹ́kún, àgbà mi yìí! Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní lónìí a ò ní ṣe ju ká wò ó ká sì jọ sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ kí òun dúró, kí n na ọwọ́ òsì sókè. Mo nà án lẹ́ẹ̀mẹta lásán, kí n fi mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ní kó kàn kùn mí lóorun, kí n jí bá eyín nínú àwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá là mí lọ́yẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́síjìn tí èèyàn ń fi imú fà kí ara lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ eyín ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó láti fi pa ìrora: ní 1844, Horace Wells, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, fa á símú kí wọ́n tó yọ eyín tirẹ̀ gan-an. Ojú tún máa ń tètè dá lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò ní in níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fi sí iṣan ọwọ́ náà wà: ẹ ò ní sùn tán, ẹ ó máa dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ lè má rántí púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ń fẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tí yóò jókòó tì yín, tí yóò máa ṣọ́ èémí yín. Bí ibì kan bá ní àwọn lè ṣe é láìsí ìyẹn, ẹ tètè bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ní ti kí wọ́n kunni lóorun pátápátá, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, ti èmi ò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku oògùn oníhóró tó ń mú ẹ̀rù rọlẹ̀. Kó tó kọ ọ́ fún mi, ìbéèrè pọ̀: ṣé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wo ni mò ń lò, ṣé mò ń mutí, ṣé mo lóyún, ṣé mo máa ń hanrun? (Àbúrò mi ló dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì dáhùn sókè.) Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀ yẹn, torí oògùn yìí àti ọtí, tàbí àwọn oògùn ìrora kan, lè fa èémí sẹ́yìn pọ̀. Ẹ má sì lọ dá a rà ní kẹ́míìsì.

Kápúsù tó ń pa kòkòrò àrùn ni mo kọ́kọ́ lò ná, torí ọyún tó wà nídìí eyín kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mú dáadáa. Lọ́jọ́ náà, mo gbé hóró yẹn mì ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ̀rù ṣì wà, àmọ́ ó dà bíi pé ó jókòó sí yàrá kejì. Hóró náà kò sọ pé kí nǹkan má dunni o. Abẹ́rẹ́ ló ń ṣe ìyẹn. Wọ́n fi òróró kan pa erìgì mi, wọ́n dúró, wọ́n wá rọra gún un. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Bí kì í bá ṣe pé dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ádírẹ́nálì tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń fà á, pé yóò lọ láìpẹ́, ǹ bá ti fò dìde. Nígbà tó ń fa eyín, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni ń fa èèkàn nínú ilẹ̀ tútù: ó ń mì, ó ń dún, kò dùn mí. Mo nawọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Mo mí kanlẹ̀, mo ní ó yá.

Wọ́n ní títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, n kò gbọdọ̀ wakọ̀, n kò gbọdọ̀ dáná, n kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ àbẹ́là yíyọ́ àti sódà tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ojú mi dá ṣáká. Lọ́sàn-án oníbàárà kan pè mí, a sọ̀rọ̀, mo sùn. Ìgbà tó wá gbé ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni mo tó gbọ́ pé iye tí a ń tà á léṣìí ni mo ti bá a pè.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò dí ihò eyín mi mìíràn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá tún lo hóró náà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àbúrò mi pé òun ni yóò mú fóònù lọ́wọ́.