"Ó ti tán, ó ti tán"

Sátidé, aago mẹ́wàá kọjá lálẹ́. Àgíríìkì, Ìkòròdú.

Àtàárọ̀ ni ò ti síná, ọmọ ti sùn, ìwọ̀nba bátìrì tó kù lórí fóònù ni mo fi ń tẹ èyí kí n má baà gbàgbé bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án òní Àjàní jókòó sórí ẹní, ó ní "pẹ̀lẹ́, ó ti tán, ó ti tán." Mo rò pé ìrẹsì ẹ̀ ló tán, mo bu sí i, ó tì í. Ó tún ní "pẹ̀lẹ́, ó ti tán, ó ti tán." Mo ní àbí omi ni, mo gbé omi wá, ó gbá kọ́ọ̀bù dànù, ló bá bú sẹ́kún, ó sì ń sọ ọ́ lọ nínú ẹkún yẹn, bákan náà, kò yí padà, ó ń fa ìparí ẹ̀ gùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ibi tó ti fà á gùn yẹn ni ara mi ti bù máṣọ. Ohùn nọ́ọ̀sì nìyẹn! Nígbà tí ibà ṣe é lọ́jọ́sí tá a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì tó gún un ní itan ló ń sọ "pẹ̀lẹ́, ó ti tán, ó ti tán" nígbà tí abẹ́rẹ́ ò tíì jáde rárá. Ọmọ mi ò sọ pé oúnjẹ tán. Nǹkan ló ń dùn ún.

Mo bọ́ aṣọ lára ẹ̀, mo wo etí, mo wo ẹnu, mo tẹ ikùn, àfìgbà tí mo dé gìgísẹ̀ òsì. Ẹ̀gún igi kan, dúdú, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ti rì wọlé, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti pọ́n. Mo se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, mo rọra fi yọ ọ́, èmi náà ń sọ pé "ó ti tán, ó ti tán," omi sì ń bọ́ lójú mi torí mo rántí pé láti àná ló ti ń sọ ọ́, oúnjẹ ni mo ṣáà ń bù fún un.

Oṣù tó ń bọ̀ ló máa pé ọmọ ọdún 5. Nígbà tó pé 3 ni dókítà sọ fún wa pé autism ni, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ láti kékeré, ó sì ń kan bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Odindi gbólóhùn tó ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ló fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ jáde, á dúró ti ilẹ̀kùn, á ní "wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!", ohùn kọ̀ndọ́ Mile 12 tá a wọ mọ́tò ẹ̀ ní Ṣábó, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀. Tínú ẹ̀ bá dùn, "Up NEPA!" Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "ṣé o fẹ́ mu omi?", torí bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn kí n tó gbé omi fún un, lójú tiẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú omi wá.

"O" yẹn ti kó wa sí wàhálà. Ọmọ kékeré kọjú sí àgbàlagbà, ó ní "ṣé o fẹ́ mu omi?", ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa rí létí Yorùbá. Àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń fi "ìwọ" pe ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní "ẹ" tí wọ́n máa jẹ ní gbèsè. Màámi ti yé e, ó máa ń dá a lóhùn pé "mo fẹ́ mu omi, Ìyá àgbà" kó lè gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó kọ́kọ́ lọ, tíṣà bi í pé "kí lorúkọ ẹ?", òun náà ní "kí lorúkọ ẹ?", tíṣà ní ó ń sín òun jẹ, ó nà án. Ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè, tó fi gbogbo agbára ẹ̀ dáhùn! Ọjọ́ yẹn la mú un kúrò, inú mi ò tíì rọ̀ sí i.

Èyí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Leo Kanner, dókítà tó kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó ní autism ní Amẹ́ríkà ní 1943, ló sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní 1946 tí ìyá ẹ̀ ń kọ orin ọmọdé kan, "Peter, Peter, pumpkin eater", fún un ní kíṣìnnì, bí ìkòkò ṣe já bọ́ lọ́wọ́ ìyá nìyẹn, látọjọ́ náà tọ́mọ yìí bá ti rí ohun tó jọ ìkòkò, "Peter eater" ló ń wí. Ẹni tí ò sí ní kíṣìnnì yẹn á ní ìsọkúsọ ni. Ní 1981, Barry Prizant àti Judith Duchan, àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, wo irú àwọn ọmọ yìí dáadáa, wọ́n rí iṣẹ́ 7 tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún sọ lójú ẹsẹ̀ ń ṣe fún wọn: òmíràn "bẹ́ẹ̀ ni" ló túmọ̀ sí, òmíràn ni wọ́n fi ń tọrọ nǹkan, òmíràn ni wọ́n fi ń darí ara wọn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kúkú ń tún ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tó pé ọdún 3, tàwọn wọ̀nyí ló máa ń pẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ kìlọ̀ fún wa pé ká má pa á lẹ́nu mọ́, ká wá ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ìwé kékeré kan, mo máa ń kọ ohun tó wí sápá kan, ibi tó ti gbọ́ ọ sápá kejì. Lálẹ́ òní mo kọ "ó ti tán", mo kọ "nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́, ìrora". Tá a bá ń wẹ ẹsẹ̀ yẹn lọ́la, "ẹsẹ̀ mi ń dùn mí" ni màá máa wí sí i létí, ohùn jẹ́jẹ́.

Ó ku ẹyọ kan tápá kejì ẹ̀ ṣófo. Tójò bá ti ń rọ̀, á lọ dúró lójú fèrèsé, á ní "dì í mú dáadáa o, má jẹ́ kó lọ." Mo ti bi bàbá ẹ̀, mo ti bi Màámi, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú wọn. Ó ku àbúrò mi tó bá wa tọ́jú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tó máa ń gbé e lọ wo ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Màá pè é lówùúrọ̀ tíná bá dé.