Ìyá Rẹ̀ Ńkọ́?

Abúlé Lác, Mai Châu, Vietnam. Sátidé, alẹ́.

"Ọlọ́pàá ti mọ ibi tí ọmọ yìí máa sùn lónìí. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá àgbà ilé yìí ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mi. Òfin ilẹ̀ Vietnam ni: ilé yòówù tí àjèjì bá sùn sí, onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá àdúgbò mọ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó rò pé èmi náà máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà dára. Bọ́ọ̀sì gbé wa kúrò ní Hanoi láàárọ̀, nǹkan bíi 140 kìlómítà, ìkùukùu sì bo òkè Thung Khe débi pé a ò rí ilẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń kórè ìrẹsì. Mo gun kẹ̀kẹ́ yí oko ká. Ìyẹn náà nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń san owó ilé ara mi. Èmi àti màmá mi kì í sọ ibi tí a sùn fún ara wa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ láti ìgbà Àjíǹde mọ bó ṣe débẹ̀, n kò ní tún un sọ.

Àmọ́ kì í ṣe ìbínú ló kù nínú mi báyìí. N kò mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀yà Thái ni ìdílé yìí (kì í ṣe ará Thailand o, ọmọ ilẹ̀ Vietnam ni wọ́n). Orí òpó igi ni ilé wọn wà, kẹ̀kẹ́ àti òfì wà lábẹ́ ilé, àkàbà la sì gùn lọ sókè. Orí ẹní la ti jẹun. Ìrẹsì wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i bí òkèlè. Ọmọ kékeré ilé kò fọwọ́ kan oúnjẹ títí tó fi pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá jẹun: ìyá àgbà, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀. Ó kàn mí náà. Ìyá àgbà fi ẹja sínú àwo mi. Mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún fi òmíràn sí i. Wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, wọ́n bi mí bóyá mo ti lọ́kọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nídìí fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá yẹn. Phú Thọ ni ọmọ wọn kọ síbi ìpínlẹ̀, torí láti oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ti da Hòa Bình pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá àgbà ní Hòa Bình làwọn ń gbé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Inú mi dùn sí i pé ìyá àgbà ò gbà. Bóyá torí pé lójú wọn, kí ìjọba kọ ibi téèyàn wà sílẹ̀ kò tíì túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ ibi tó wà.

Tàbí kẹ̀, mo kàn ń sọ ọ̀rọ̀ arúgbó di ńlá. Àgbà kò lè ṣe kó má béèrè ìyá ọmọ.

Ṣùgbọ́n màmá mi kò béèrè. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọlọ́pàá béèrè, ẹni tí kò mọ̀ mí rí béèrè, màmá...

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n tẹ́ fóòmù fún mi lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọparun ṣe. Ìyá àgbà so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fúnra wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú ibi kan ti ya rí, òwú pupa ni wọ́n fi rán an. Wọ́n fi ìka wá a kàn nínú òkùnkùn láti mọ̀ bóyá kò tíì tú. Àgbà tó tó bẹ́ẹ̀ ń kúnlẹ̀ nítorí mi! Ara mi kò gbà á. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìgúnpá tì mí sẹ́yìn.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ nìyí, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bó ṣe jẹ́ Sátidé yìí, òde ni màmá máa wà, ìlù kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fóònù. Mo pè wọ́n. Ó dún títí ó fi gé. Mo wá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp pé ẹ káàsán, Màámi, ẹ kú ìnáwó, abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Lác ni mo sùn lónìí, ọ̀dọ̀ ìdílé kan ni, wọ́n ń tọ́jú mi. Mo fi kún un pé mo ti yó, torí ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n sì lè má béèrè nǹkan kan. A ó rí i lọ́la.